Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Ikú Napoleon Beazley

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní East Flatbush nígbàkigbà tí wọ́n bá fi ìbọn gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan. A máa ń gbọ́ ọ ní Utica Avenue níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró de èrò. A máa ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Church Avenue. A sì máa ń gbọ́ ọ nínú ilé Òrìṣà wa pàápàá, nígbà tí ìsìn bá parí tí a jọ ń jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: “Ẹ pa wọ́n. Ẹni tó bá pa ènìyàn nítorí ọkọ̀, kí ìjọba pa òun náà.”

Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ọkọ̀ jẹun: awakọ̀ takisí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré tí a ń pè ní dollar van, nọ́ọ̀sì tó ń jáde níbi iṣẹ́ ní Kings County Hospital lóru. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ló mọ̀ ọ́n. A kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a kò sì ní pè wọ́n ní ọ̀tá ìjà wa. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí a fi ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ náà kò ṣẹlẹ̀ ní Brooklyn. Texas ló ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìran wa ló jẹ́bi nínú rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì pa.

Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1994, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Luttig àti ìyàwó rẹ̀ ń ti Dallas bọ̀ wá sílé wọn ní ìlú Tyler. Ẹni ọdún 63 ni Luttig. Ọkọ̀ Mercedes ni wọ́n wọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta rí ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà, wọ́n sì tẹ̀lé e dé ilé. Wọn kò mọ ọkùnrin náà rí. Kò ṣẹ̀ wọ́n, kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́. Napoleon Beazley, ọmọ ọdún 17, ló yìnbọn fún un, ó sì tún yìnbọn fún un lórí níbi tó wà, títí ó fi kú. Ó yìnbọn sí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú. Ọta kò bà á, ṣùgbọ́n ó ṣubú, ó sì ṣe bí òkú. Ọgbọ́n yẹn ló fi yè. Àwọn ọ̀dọ́ náà gbé ọkọ̀, wọ́n fi kọ lu ògiri, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbi tí kò jìnnà. Ẹ wo nǹkan: wọ́n pa ènìyàn nítorí ọkọ̀ tí wọn kò gbé dé ibì kankan.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí òkú yìí kí a tó lọ síwájú. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ajìjàgbara bá ń sọ ìtàn Beazley, orúkọ rẹ̀ ló máa ń wà lórí pátákó, a sì lè ka ìwé púpọ̀ kí a má rí orúkọ ẹni tó pa. John Luttig ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ funfun ni, olówó ni, ọmọ rẹ̀ jẹ́ adájọ́ ńlá. Kò sí ọ̀kankan nínú èyí tó sọ ẹ̀mí rẹ̀ di ohun tí ọmọ ọdún 17 lè fi ra ọkọ̀. Ìjà wa ti pẹ́ tó láti lè sọ gbólóhùn méjì pa pọ̀: ẹni tí wọ́n pa ní gáréèjì ilé rẹ̀ kò jẹ̀bi, ẹni tí ìjọba dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ pa jẹ́ ènìyàn síbẹ̀.

Ta wá ni Napoleon Beazley? Ọmọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Grapeland ni. Bàbá rẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ààrẹ kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ìwé rẹ̀, ó sì mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbá dáadáa. Wọn kò mú un rí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 13 ló ti ń ta kòkéènì, ó sì ti ní ìbọn lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń rí, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ òsì rẹ̀, kò sí àgbà kan tó ní kó ṣí i kí òun rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí èyí, nítorí a ó padà sí i.

Ní 1995, àwọn júrì tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun dá Beazley lẹ́bi, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó bá a rìn jẹ́rìí ta kò ó, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n sì dá fún wọn. J. Michael Luttig, ọmọ ẹni tó kú, tó jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀, wá sí ilé ẹjọ́ ó sì sọ ohun tí ikú bàbá rẹ̀ fi ojú ìdílé wọn rí. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni láti sunkún bàbá rẹ̀, a kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nígbà tó dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Mẹ́ta nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án yẹra, nítorí pé wọ́n mọ ọmọ olóògbé náà dunjú. Àwọn mẹ́fà tó kù pín sí méjì ọgbọọgba: mẹ́ta ní kí wọ́n dá ikú náà dúró, mẹ́ta ní rárá. Nínú òfin wọn, ọgbọọgba kì í gba ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ là. Ilé ẹjọ́ Texas ló dá a dúró nígbà tó ku wákàtí díẹ̀, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n sì yọ ọwọ́ ìdádúró náà kúrò.

Archbishop Desmond Tutu ti Gúúsù Áfíríkà bẹ̀bẹ̀ fún un. Adájọ́ obìnrin tó jókòó lórí ẹjọ́ náà ní Tyler, ẹni tó ka ìdájọ́ ikú náà sí i létí, kọ ìwé sí gómìnà pé kó yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdáríjì ìpínlẹ̀ náà dìbò: 10 ní kí wọ́n pa á, 7 ní kí wọ́n dá a sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2002, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa á ní Huntsville. Ọmọ ọdún 25 ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó kọ sílẹ̀, kò sọ pé òun kọ́ ló ṣe é. Ó ní ohun tí òun ṣe burú jáì, kò sì ní ìtumọ̀ kankan. Ó tún ní kò sí ẹni tó borí ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2005, kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan náà fi ìbò 5 sí 4 sọ nínú ẹjọ́ Roper àti Simmons pé kò bófin mu mọ́ láti pa ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá kó tó pé ọmọ ọdún 18. Àwọn tó ju 70 lọ bọ́ lọ́wọ́ ikú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn 22 tí wọ́n ti pa láti 1976, Beazley wà lára wọn, kò sí ẹni tó lè jí wọn. Ilé ẹjọ́ lè yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ibojì kì í gba ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ìtàn ẹjọ́ náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá dá àwọn tó ń sọ pé “Ẹ pa wọ́n” lóhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èkíní, òfin tí ẹ ń ké pè kò mọ orúkọ yín. Ní 1987, nínú ẹjọ́ Warren McCleskey ti Georgia, wọ́n gbé ìwádìí kan síwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ó fi hàn pé ẹni tó bá pa aláwọ̀ funfun ní ìpínlẹ̀ náà sún mọ́ ìdájọ́ ikú ní ìlọ́po tó ju 4 lọ ju ẹni tó pa ènìyàn dúdú. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé irọ́ ni. Adájọ́ 5 nínú 9 kàn sọ pé èyí kò tó láti gba McCleskey là, wọ́n sì pa á ní 1991. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pa awakọ̀ kan tó ti Haiti tàbí Trinidad wá síbí, ẹ má ṣe rò pé idà yẹn yóò yọ fún un bó ṣe yọ fún bàbá adájọ́. Òṣùwọ̀n tó wọn ẹ̀mí ọmọ wa kéré nígbà tó pa ènìyàn, òun náà ló ń wọn ẹ̀mí wa kéré nígbà tí wọ́n bá pa wá.

Èkejì, ikú kò dá ikú dúró. Ẹni tí ìpínlẹ̀ New York pa kẹ́yìn ni Eddie Lee Mays, ènìyàn dúdú, tí wọ́n gbé jókòó sórí àga iná mànàmáná ní Sing Sing ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1963. Ní 1995, Gómìnà Pataki dá òfin ikú padà. Ní 1998, ilé ẹjọ́ kan níbí ní Brooklyn ló kọ́kọ́ dájọ́ ikú lábẹ́ òfin tuntun náà, fún Darrel Harris. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà ní 2002, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ wa sì sọ ní 2004 pé òfin náà kò bá ìwé òfin mu. Kò pa ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní 1990, ènìyàn tó ju 2,200 ni wọ́n pa ní ìlú New York. Ní 2017, iye náà kò tó 300. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kọjá láìsí pé ìpínlẹ̀ wa pa ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn awakọ̀ takisí wa rántí ọdún tí wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n bí ẹran. Ohun tí wọ́n jà fún, tí ìlú sì pa láṣẹ ní 2000, ni ìdènà tí ọta kì í wọ̀ tàbí kámẹ́rà nínú ọkọ̀. Ohun tó ń dáàbò bo ẹni tó wà láàyè nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni èyí, kó wo ilé. Ní 1970, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin pé kí wọ́n máa yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ mọ́ òpó ní etíkun Bar Beach ní Èkó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá wòran. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, ní 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìbọn gba ọkọ̀ ní ìlú Benin, wọ́n ń pa ọlọ́pàá, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń gbọ̀n. Wọ́n yìnbọn pa òun náà ní 1987. Títí di òní, ta ló ń wakọ̀ lóru lójú ọ̀nà marosẹ̀ ní Nàìjíríà tí àyà rẹ̀ kì í já?

Ẹ̀kẹta, àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé àwọn baba ńlá wa kò mọ irú ìdájọ́ yìí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Tẹ̀tú wà ní ààfin, iṣẹ́ wọn sì ni láti bẹ́ orí ẹni tí Aláàfin bá dá lẹ́bi ikú. Ṣùgbọ́n ìran tó fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ Tẹ̀tú ló fi òwe sílẹ̀ fún wa pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ ti ṣẹ Ilẹ̀, àti pé ètùtù gbọ́dọ̀ wà kí ìlú tó lè rójú. Ọ̀rọ̀ ìdílé méjì àti ọ̀rọ̀ ìlú ni. Yàrá ikú ní Huntsville kò ní ètùtù. Òkú kejì nìkan ló fi kún ti àkọ́kọ́, ó sì rán ìyá méjì lọ sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti tán ní New York. Òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí wọ́n dájọ́ ikú fún ẹni tó bá pa ènìyàn níbi tó ti ń fi ìbọn gba ọkọ̀, òfin náà sì dé Brooklyn. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Brooklyn yìí náà ló dájọ́ ikú fún Ronell Wilson ní 2007, tó sì tún dá a fún un ní 2013, nítorí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì tó pa ní Staten Island, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Haiti. Ní 2016 ni wọ́n tó sọ pé làákàyè rẹ̀ kò tó ẹni tí òfin lè pa. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ pa Christopher Vialva ní oṣù kẹsàn-án àti Brandon Bernard ní oṣù kejìlá, nítorí tọkọtaya kan, Todd àti Stacie Bagley, tí wọ́n jí gbé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn tí wọ́n sì pa ní Texas ní 1999. Ọmọ ọdún 19 ni Vialva nígbà náà, Bernard sì jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Ààrẹ Biden yí ìdájọ́ àwọn 37 nínú 40 tó kù padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ìjọba tó dé ní oṣù kan lẹ́yìn náà kéde pé òun yóò tún máa wá ìdájọ́ ikú kiri. Ilẹ̀kùn náà ṣì ṣí sílẹ̀.

Kí ni kí a ṣe, nígbà tó jẹ́ pé sísọ “ẹ má pa wọ́n” nìkan kò lè dá ọkọ̀ ẹnikẹ́ni padà, kò sì lè jí òkú?

Àkọ́kọ́, kí a máa dárúkọ òkú. Nígbà tí a bá ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, kí orúkọ ẹni tí wọ́n pa ní àdúgbò wa ṣáájú, kí orúkọ ẹni tí ìjọba pa tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá lè sunkún ẹni àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀ lórí ẹnì kejì.

Ìkejì, kí a lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Ilé tí wọ́n ti pa ènìyàn nílò oúnjẹ, ó nílò ẹni tí yóò bá wọn jókòó ní ilé ẹjọ́, ó nílò ẹni tí yóò bá wọn kọ ìwé sí Office of Victim Services ti ìpínlẹ̀ yìí, nítorí owó ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀ fún ìsìnkú. Àwọn aṣáájú ìjọ tí a ń pè ní God Squad ní agbègbè ọlọ́pàá 67 ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kristẹni ni wọ́n. Òkú kì í bèèrè ẹ̀sìn ẹni tó gbé pósí. Ẹ jẹ́ ká bá wọn gbé e.

Ìkẹta ló le jù, òun náà ló sì sún mọ́ ilé jù. Ẹ wo ọwọ́ kejì ọmọ yín. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọmọ tó ń gba àmì-ẹ̀yẹ ní ilé-ìwé, tó ń lu bàtá dáadáa, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ẹ bi í níbi tó ti rí bàtà olówó ńlá tó wọ̀. Ẹ bi í ta ló ni ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e wá sílé lóru. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló yẹ kó kọ́kọ́ bi í. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Beazley fi ta kòkéènì kó tó fi ìbọn kan ènìyàn. Ọdún mẹ́rin tó fún àgbà kan láti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìkẹrin, kí a kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, kí a sì lọ wò wọ́n. Ẹni tí a bá ń bẹ̀ wò kì í di ẹranko lójú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò padà wá bá wa gbé àdúgbò yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé “Ẹ pa wọ́n,” a gbọ́ yín. Ìrora yín kì í ṣe ohun kékeré, a kò sì ní lé yín kúrò nídìí oúnjẹ wa nítorí ọ̀rọ̀ tí ìrora fi sí yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n a ti wo ẹjọ́ náà dé òpin rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà lẹ́bàá ògiri tó ti fọ́, bàbá kan wà nínú ilẹ̀ ní Texas, ọmọ kan náà wà nínú ilẹ̀ ní Texas, ìbọn sì ṣì ń dún. Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwa tí a wà láàyè.

Kí Ilẹ̀ gba àwọn tó lọ. Kí orí àwọn ọmọ wa má fọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ́ ẹ. Àṣẹ.